Káàdì Ìwọ̀n Ọmọ àti Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé

Bí ilé ìwòsàn bá wọ inú ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ wa, ìròyìn tí kò dùn mọ́ni ni ó sábà máa ń jẹ́. Aláìsàn kan kú sí ẹnu ọ̀nà nítorí pé kò sí owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn dókítà da iṣẹ́ sílẹ̀. Iná mànàmáná lọ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn oníròyìn kò purọ́, apá kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Apá kejì, èyí tí ó kan ọmọ tí kò kú, ṣòro láti fún ní àkọlé. Ta ni yóò kọ ọ́ sí ojú ewé kìn-ín-ní pé ọmọ kan wúwo ju bí ó ti wúwo lóṣù tí ó kọjá?

Síbẹ̀, ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gan-an mú kí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ó lè wà nínú àpótí aṣọ yín, ó lè wà nínú báàgì tí ẹ fi ń gbé aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ: káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, tí ẹ fi ọ̀rá wé kí omi má baà bà á jẹ́.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni orúkọ ìlú náà. Ó wà láàárín òkè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí ààlà Èkìtì. Àwọn tí ó mọ ìtàn ogun Kírìjí kì í gbàgbé rẹ̀, nítorí pé agbègbè rẹ̀ ni àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà tí wọ́n dojú kọ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ó wà ní ìhà Ìgbájọ, títí a fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886. Ní Iléṣà, tí í ṣe olú ìlú Ìjẹ̀ṣà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Ilé Ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní ọdún 1912. Ilé ìwòsàn yìí wà lábẹ́ Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbéra lọ sí Ìmẹ̀sí.

Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ìtọ́jú ọmọdé, dé sí Wesley Guild. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ kún inú wọ́ọ̀dù. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà, èéyi, ikọ́ àhúbì àti àìjẹunrekánú ni ó ń gbé wọn wá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí ni ó sì jẹ́ èyí tí a lè dènà kí ó tó wọlé. Wọn yóò tọ́jú ọmọ, ara rẹ̀ yóò yá, ìyá rẹ̀ yóò dúpẹ́, yóò sì gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọn yóò tún gbé ọmọ kan náà padà dé pẹ̀lú àìsàn mìíràn, ara rẹ̀ yóò sì ti rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹni tí ó ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń jò ni iṣẹ́ náà rí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé aṣèrànwọ́ láti òkèèrè ni ó kọ́ àwọn òbí wa pé ikú ọmọ burú. Ẹ fetí sí orúkọ àwọn àgbà: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Ìyá tí ó bí méje tí ó sin mẹ́rin kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Ohun tí ó nílò ni ibi tí yóò gbé ọmọ lọ kí ọmọ náà tó dá ilẹ̀, ibi tí kò jìnnà, tí kò gba owó tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí wọn kò sì ní í lé e padà.

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má lé ìyá padà yìí ṣe pàtàkì. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì gbà lọ́wọ́ wọn láyé ìjọba amúnisìn, ni pé ibi tí a ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ tí ó ní ibà wá sí ibi ìwọ̀n, wọn yóò ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tí ó lọ sí ilé ìwòsàn yóò gba oògùn, kò sí ẹni tí yóò wọn ọmọ rẹ̀ tàbí kí ó bi í léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ní Ìmẹ̀sí, wọ́n da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, yálà ara rẹ̀ le tàbí kò le, ibì kan náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wọ̀n ọ́n, tí wọn yóò fún un ní oògùn bí ó bá ń ṣàìsàn, tí wọn yóò gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bí àsìkò rẹ̀ bá tó, tí wọn yóò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, dókítà sì ń bojú tó o. Èrò Morley ni pé bí a bá ń retí dókítà kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò ti kú tán kí ó tó dé.

Nǹkan mìíràn tún wà. Wọ́n ń tọ ipa àwọn ọmọ ìlú náà láti ọjọ́ tí a bí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n déédéé, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni káàdì náà ti jáde. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí Ojú Ọ̀nà Ìlera, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé ìlà méjì tí ó tẹ̀ gòkè ni ó wà lórí rẹ̀ bí etí ọ̀nà méjèèjì. Oṣù tí a bí ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, wọn yóò sì kọ àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e títí ọdún márùn-ún yóò fi pé, kí nọ́ọ̀sì má baà máa ṣe ìṣirò ọjọ́ orí lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá wọn ọmọ, wọn yóò fi àmì kékeré kan sí abẹ́ oṣù náà. Bí wọ́n bá fa ìlà láti àmì kan dé èkejì, ìrìn àjò ọmọ náà yóò hàn gbangba. Wọ́n tún ń kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà: pé ó ní èéyi lóṣù yìí, pé ìgbẹ́ gbuuru ṣe é lóṣù yẹn, pé ìyá rẹ̀ tún ti lóyún.

Igun kan tún wà lára káàdì náà fún àwọn ọmọ tí ó yẹ kí a fi ojú sí jù. Àwọn wo ni? Àwọn ìbejì, ọmọ tí ó kéré púpọ̀ nígbà tí a bí i, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti bí ju méje lọ, ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti kú, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe aláìsí, ọmọ tí kò gba ara dáadáa ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn ìyá àgbà wa mọ gbogbo èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì tuntun tí ó dé sí ìlú lánàá, tí kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, lè wo káàdì kí òun náà sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́wọ́ ta ni káàdì yóò máa wà? Ibí yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Ìwé aláìsàn, bí àwọn oníṣègùn ti gbà á, ilé ìwòsàn ni ó ni ín. Wọ́n ní ìyá yóò sọ ọ́ nù, eku yóò jẹ ẹ́, ọmọ yóò fà á ya. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kó káàdì náà fún àwọn ìyá pẹ̀lú ọ̀rá tí wọn yóò fi wé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ wọ́n tọ́jú káàdì náà ju bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú fáìlì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán nítorí pé akọ̀wé ń wá fáìlì yín kò ní í ṣe kàyéfì.

Nígbà tí ìlà àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí káàdì, nǹkan méjì hàn kedere.

Àkọ́kọ́ ni pé ọmú ìyá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìlà ọmọ ń gòkè bí ti ọmọ ibikíbi ní àgbáyé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìlà náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pẹrẹsẹ. Oúnjẹ tí wọ́n fi kún ọmú ni ó fà á: ògì lásán, tí ó ṣàn bí omi, tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ọmọ. Ògì kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sẹ́ ẹ, tí a da omi gbígbóná lé e lórí púpọ̀, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ tí ó lè mú ara ọmọ dàgbà kò tó nǹkan. Ikùn ọmọ yóò kún, yóò sùn, ìyá yóò sì rò pé ó yó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin wà nílé, ẹ̀wà wà nílé, ẹ̀pà wà nílé. Èèwọ̀ ni wọ́n fi dí ọmọ lọ́nà: wọ́n ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, pé ẹran kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé, bàbá ni ó ni orí ẹja. Àwọn kan ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ìbéèrè tí a máa ń bi wọ́n ni pé àwọn olè tí wọ́n ń mú lójoojúmọ́, ṣé ẹyin ni wọ́n bọ́ gbogbo wọn?

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá di ẹni tí ìyá rẹ̀ gboyún pọ̀n, tí a já a lẹ́nu ọmú ní ọ̀sán kan òru kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, irun rẹ̀ yóò pọ́n, awọ ara rẹ̀ yóò máa bó, kò ní í fẹ́ ṣeré, kò ní í rẹ́rìn-ín. Àìsàn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kwashiorkor. Èdè Gàá ti ilẹ̀ Gánà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Dókítà Cicely Williams tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ó mú un wọ inú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935, ìtumọ̀ rẹ̀ sì kan àìsàn ọmọ tí a gbé ipò rẹ̀ fún àbúrò. Ní ti àwa Yorùbá, àṣà àtijọ́ mọ ewu yìí. Obìnrin tí ń tọ́mọ kì í bá ọkọ sùn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tí ó bá sì gboyún pọ̀n, ojú ń tì í láàárín ẹgbẹ́. Àṣà náà ti ń kú lọ, ewu tí ó ń dènà kò kú. Ìdí nìyí tí ètò ìfètòsọ́mọbíbí fi wà ní ibi kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ìlera wa.

Èkejì tí káàdì fi hàn ni ohun tí èéyi ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nígbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà ka èéyi sí àìsàn ọmọdé tí kò le, tí yóò kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ní Iléṣà, wọ́n ń sin àwọn ọmọ tí ó pa. Ẹni tí kò bá kú, ìgbẹ́ gbuuru yóò máa ṣe é, ẹnu rẹ̀ yóò di egbò tí kò ní í lè mu ọmú, ojú ẹlòmíràn yóò fọ́. Lórí káàdì, ìlà tí ó ti ń gòkè bọ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì bí ẹni tí ó ṣubú láti orí àkàsọ̀, yóò sì pẹ́ kí ó tó padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó ń pè é ní àìsàn kékeré kò rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Morley kọ̀wé nípa rẹ̀ sí àwọn ìwé ìròyìn oníṣègùn títí wọ́n fi gbọ́.

Ní àsìkò kan náà, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Enders àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ara ọmọ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ David Edmonston, tí ó ní èéyi ní ọdún 1954, ni wọ́n ti rí kòkòrò àìsàn tí wọ́n fi ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ irú kòkòrò náà. Morley kọ̀wé sí wọn pé ibi tí èéyi ti ń pa ọmọ ni ó yẹ kí abẹ́rẹ́ náà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é, gbé e wá sí Iléṣà. Àwọn òbí gbé ọmọ wọn jáde, wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà. Ibà díẹ̀ gbé àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ara wọn le, àjẹsára náà sì mú ara wọn gbára dì fún èéyi. Ní 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí wọ́n máa lò ó fún ọmọ tiwọn. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Iléṣà náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí. Títí di òní, ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ nípa abẹ́rẹ́ èéyi yóò gbọ́ orúkọ Edmonston. Kò sí ẹni tí ó lè sọ orúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n na apá wọn. Ní ayé ìsinsìnyí, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé, kí ìgbìmọ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a jẹ àwọn ọmọ yẹn, tí àwọn tí ó wà láàyè nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún nísinsìnyí, a kò tíì san án. Bákan náà ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ Margaret Woodland wà lára àwọn tí ó kọ àbájáde ìwádìí Ìmẹ̀sí ní ọdún 1968. Àwọn ọmọbìnrin ìlú tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n kọ́, tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ìyá, tí wọ́n ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà tí dókítà kò gbọ́, kò sí wọn nínú ìwé tí a ń kà.

Ikú ọmọ ọwọ́ ní Ìmẹ̀sí dín kù ju ìdajì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ìròyìn yìí ni ó rìn jìnnà. Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìlera ọmọdé ní ilẹ̀ olóoru. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń pèsè ohun ìkọ́ni fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní owó pọ́ọ́kú. Láti ibẹ̀ ni ṣíbí olórí méjì ti wá, orí kan fún ṣúgà, orí kejì fún iyọ̀, fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1973 kó ohun tí ó kọ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí jọ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe káàdì tiwọn láti ara káàdì náà. Nígbà tí àwọn ìjọba àgbáyé pàdé ní Alma-Ata ní 1978 láti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Ìmẹ̀sí. Ní orílẹ̀-èdè wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn ọmọdé, tí ó sì jẹ́ Mínísítà fún Ìlera láti 1985 títí di 1992, ni ó tan ètò ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ká gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún 2003 ni ó kú. Morley kú ní 2009.

Ibo ni ọ̀rọ̀ wá dé báyìí? Nínú ìwádìí tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018, ọmọ 132 nínú ẹgbẹ̀rún kan tí a bí ni kò pé ọdún márùn-ún kí ó tó kú. Nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni ó kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ, nítorí pé oúnjẹ tí ó ṣe ara lóore kò tó wọn fún ìgbà pípẹ́. Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa sàn ju ti àwọn ìhà kan lọ, kò sì dára tó kí á máa fi yangàn.

Ohun tí ń dunni ni pé káàdì wà, ìlà kò sí lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ wo káàdì ìyá mẹ́wàá. Ojú ewé abẹ́rẹ́ kún pẹ̀lú ọjọ́ àti àmì ọwọ́. Ẹ ṣí ojú ewé ìwọ̀n, ẹ óò rí àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn náà ojú ewé yóò ṣófo. Ìyá ti gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án fún ọmọ, ó ti dúpẹ́, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti sọ pé lẹ́yìn oṣù kẹfà ni ìlà àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí ti ń tẹ́. Àkókò tí ewu bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ń dáwọ́ dúró, àìmọye ọmọ ni ó sì ń rù ní ìdákẹ́rọ́rọ́ láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tí ó rí i.

Àwa òṣìṣẹ́ pín nínú ẹ̀bi náà. Ìyá tí ó dé ní aago mẹ́sàn-án dípò aago mẹ́jọ, tí a pariwo mọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kò ní í padà wá, àwíjàre kankan kò sí fún un. Òmíràn ń wọn ọmọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń dá káàdì padà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìlà ọmọ mi ń gòkè?” Bí ó bá ń gòkè, ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yín kò sanra tó ti aládùúgbò. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìgbà méjì tí a wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe dúró de ìgbà kẹta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ sísàlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí a tọ́jú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ọmú nìkan, láìfi omi kún un, títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé. Láti ìgbà náà, kí ògì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní í ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí a sì fi ẹ̀wà tí a lọ̀, ẹ̀pà tí a gún kúnná, edé, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin kún un. Epo pupa díẹ̀ dára nínú rẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró títí ọdún méjì. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe, ẹ máa bọ́ ọ, ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ sì gba oògùn ORS àti zinc fún un. Ẹ má gbà pé eyín ni ó fà á.

Abẹ́rẹ́ èéyi ti di méjì báyìí: ọ̀kan ní oṣù kẹsàn-án, èkejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa èkejì nítorí pé ọdún 2019 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Bí èéyi bá mú ọmọ, ẹ má fi omi tàbí oúnjẹ dù ú, ẹ má kán ohunkóhun tí kò ti ilé ìwòsàn wá sí i lójú, ẹ gbé e wá kí wọ́n fún un ní fítámì A.

Bí òṣùwọ̀n ilé ìtọ́jú bá bàjẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ má dá ìyá padà. Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí a fi ń wọn ìpọ̀n apá wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 59. Bí ó bá dúró sí àwọ̀ ewé, kò sí ewu lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ òféefèé, ìyẹn láàárín sẹ̀ntímítà 11.5 sí 12.5, ọmọ náà nílò àfikún oúnjẹ àti àbójútó. Bí ó bá bọ́ sí pupa, tí kò tó sẹ̀ntímítà 11.5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ mú káàdì rẹ̀ dání.